Bí ẹ ṣe lè gba ẹ̀dínwó owó orí yín lábẹ́ òfin tuntun: fún ayálégbé, onílé àti ọlọ́jà ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ẹ̀dínwó tí òṣìṣẹ́ máa ń rí gbà lórí owó orí láì béèrè ti parí pẹ̀lú ọdún 2025. Òfin owó orí tuntun tí Ààrẹ Bola Tinubu buwọ́ lù ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2025 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026. Ó gbé ẹ̀dínwó náà kúrò lórí owó oṣù, ó gbé e lé owó ilé. Ẹni tó háyà ilé tó sì lè fi ẹ̀rí hàn ni yóò jẹ ẹ́. Ẹni tó háyà ilé ṣùgbọ́n tí kò ní ìwé kankan lọ́wọ́ yóò san owó orí bí ẹni tí kò háyà rárá.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gan-an ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀pọ̀ ayálégbé ló ń ka owó ilé lé ìyá onílé lọ́wọ́ nínú pálọ̀, tí màmá yóò ṣàdúrà fún un, tí kálukú yóò sì máa lọ. Kò sí rìsíìtì níbẹ̀. Àwọn mìíràn ń gbé ilé ẹbí, tàbí ilé tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ díẹ̀díẹ̀, wọn kò sì san owó ilé fún ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ mi ni láti bá òṣìṣẹ́ àti ọlọ́jà ṣe ìwé owó orí wọn, ó sì máa ń dùn mí bí mo bá rí ẹni tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan tó ń san ju bó ṣe yẹ lọ nítorí bébà kan péré. Ohun tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí ni mo máa ń sọ fún wọn, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Kí ẹ tó gbé bírò

Ó yẹ kí ẹ mọ ìdí tí owó orí tó wà lórí payslip yín fi ń yí padà nígbà tí owó oṣù yín kò yí. Láti ọdún 2011, gbogbo ẹni tó ń san owó orí ló ní ẹ̀dínwó kan tí wọ́n ń pè ní CRA. Bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ nìyí: ẹ mú ₦200,000, tàbí ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún yín lọ́dún, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì, ẹ wá fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé yẹn kún un. Ẹ̀ka àkáǹtì níbi iṣẹ́ ló ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹ háyà ilé, ẹ kò háyà ilé, ó ń bọ̀ wá bá yín.

Ìjà tó wà níbẹ̀ ni pé owó tó wọlé wo ni a ń sọ. Ṣé kí a tó yọ pẹ́ńṣàn ni, àbí lẹ́yìn tí a bá ti yọ ọ́? Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí a tó yọ ọ́ ni wọ́n fi ń ṣírò. Finance Act ti ọdún 2020, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2021, wá sọ ọ́ di lẹ́yìn tí a bá ti yọ pẹ́ńṣàn àti àwọn owó mìíràn tí owó orí kò kàn.

Ẹ wo òṣìṣẹ́ kan ní Ṣágámù tó ń gba ₦150,000 lóṣù, ìyẹn ₦1,800,000 lọ́dún, tí wọ́n ń yọ ₦120,000 fún pẹ́ńṣàn rẹ̀ lọ́dún. Lábẹ́ ìtumọ̀ àtijọ́, ẹ̀dínwó rẹ̀ jẹ́ ₦560,000, owó orí rẹ̀ sì jẹ́ ₦132,800. Lábẹ́ ìtumọ̀ ọdún 2021, ẹ̀dínwó náà di ₦536,000, owó orí sì di ₦137,360. Kò sí ẹni tó fi owó kún owó oṣù rẹ̀, kò sí ẹni tó sọ pé owó orí ti wọ́n sí i. Àlàyé kan nínú ìwé òfin ló mú ₦4,560 jáde lápò rẹ̀ lọ́dọọdún, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kò sì mọ̀ títí di òní. Ìdí nìyí tí mo fi ń rọ ẹnikẹ́ni tó bá ń gba owó oṣù pé kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìṣirò yìí fúnra rẹ̀.

Láti ọdún 2026, CRA kò sí mọ́. Ẹ̀dínwó ₦2,500 lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan tí àwọn bàbá wa mọ̀ náà ti kúrò nínú òfin tipẹ́, nítorí náà kò sí ìdí láti máa kó ìwé ìbí ọmọ lọ sí ọ́fíìsì. Ohun tó wà báyìí ni pé ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó ọdún kan kò ní owó orí lórí rárá. Lẹ́yìn ìyẹn:

- ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e: ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún
- ₦9,000,000 tó tẹ̀ lé e: ìdá 18
- ₦13,000,000 tó tẹ̀ lé e: ìdá 21
- ₦25,000,000 tó tẹ̀ lé e: ìdá 23
- ohun tó bá kọjá ₦50,000,000: ìdá 25

Àṣìgbọ́ kan wà tó ti tàn ká gbogbo ọjà, pé bí owó ènìyàn bá fi náírà kan ṣoṣo kọjá ₦800,000, yóò san owó orí lórí gbogbo rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Olówó àti tálákà ló ní ₦800,000 àkọ́kọ́ yẹn lọ́fẹ̀ẹ́. Lórí ohun tó bá ṣẹ́kù nìkan ni wọ́n ti ń ka owó orí. Bákan náà, lọ́dún ni ₦800,000 ọ̀hún, kì í ṣe lóṣù.

Òmíràn tó ń da àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba láàmú ni ọ̀rọ̀ owó oṣù tó kéré jù lọ. Òfin dá ẹni tó ń gba owó oṣù tó kéré jù lọ ti orílẹ̀-èdè sílẹ̀ pátápátá, ìyẹn sì jẹ́ ₦70,000 láti ọdún 2024. Ṣùgbọ́n ₦77,000 ni ìpínlẹ̀ Ògùn fi ṣe tiwa ní ọdún kan náà. Ti orílẹ̀-èdè ni òfin dárúkọ. Nítorí náà, bí mo ṣe kà á, ẹni tó ń gba ₦77,000 kò sí lábẹ́ ìdásílẹ̀ yẹn: ₦924,000 ni tirẹ̀ lọ́dún, ó fi ₦124,000 kọjá ààlà, owó orí ìyẹn sì jẹ́ ₦18,600 bí kò bá sí ohun tí a yọ. Bí ẹni yìí bá ń san ₦150,000 fún ilé tó sì ní rìsíìtì, owó orí náà yóò lọ sílẹ̀ sí ₦14,100, kí a tó wá mẹ́nu ba pẹ́ńṣàn. Fún ẹni tó ń gba ₦77,000, ₦4,500 kì í ṣe owó kékeré.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ìpínlẹ̀ tó ni owó orí yín

Ìpínlẹ̀ tí ẹ ń gbé ló ni ín, kì í ṣe ibi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń gbé Ṣágámù, Ìpẹru tàbí Òde Rẹ́mọ, tó ń jí ní ìdájí láti wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó, ìpínlẹ̀ Ògùn ló yẹ kí owó orí rẹ̀ máa lọ, kódà bó bá jẹ́ Ìkẹjà ni ilé-iṣẹ́ náà wà. Ẹ bi ẹ̀ka àkáǹtì yín pé ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n ń san án fún. Bí àdírẹ́ẹ̀sì ilé ẹ̀gbọ́n yín ní Èkó ni ẹ kọ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n gbà yín síṣẹ́, ẹ kọ lẹ́tà kí wọ́n yí i padà. Ẹ̀dínwó owó ilé kò lè bá àdírẹ́ẹ̀sì tí kì í ṣe tilé náà mu: rìsíìtì ń sọ Ṣágámù, fáìlì ń sọ Èkó, òṣìṣẹ́ owó orí yóò sì béèrè èwo ni òótọ́.

Ilé-iṣẹ́ tó ń gba owó orí fún ìpínlẹ̀ Ògùn ni OGIRS. Abẹ́òkúta ni olú ilé-iṣẹ́ wọn wà, ṣùgbọ́n wọ́n ní ọ́fíìsì káàkiri; kò sí ìdí fún ará Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣágámù láti rìnrìn-àjò lọ sí Abẹ́òkúta nítorí èyí. NIN yín ni wọ́n ń lò báyìí gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà owó orí, nítorí náà ẹ rí i pé orúkọ tó wà lórí NIN àti èyí tó wà níbi iṣẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Ìyàwó tó ti yí orúkọ padà níbi iṣẹ́ ṣùgbọ́n tí kò yí i lórí NIN, kí ó tètè ṣe é.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ka payslip yín

Ẹ wá àwọn owó wọ̀nyí níbẹ̀: pẹ́ńṣàn, owó ilé gbígbé ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní NHF, àti owó ìlera. Òfin tuntun gbà kí a yọ gbogbo wọn kí a tó ka owó orí. Bí wọ́n bá ń yọ pẹ́ńṣàn lára owó oṣù yín, ẹ wò ó bóyá wọ́n yọ ọ́ kí wọ́n tó ka owó orí tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó rọrùn láti mọ̀ nìyí, àṣìṣe kí wọ́n yọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀ sì máa ń ṣẹlẹ̀ ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kéékèèké tí ẹnì kan ṣoṣo ń ṣe iṣẹ́ àkáǹtì àti iṣẹ́ akọ̀wé pọ̀. Ẹ fi sùúrù bá onítọ̀hún sọ̀rọ̀. Àìmọ̀ ló sábà máa ń fà á.

Ìgbésẹ̀ kẹta: owó ilé

Ibí gan-an ni iṣẹ́ wà. Òfin sọ pé kí a yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé tí ẹ san lọ́dún kúrò lára owó tí a ó ka owó orí lé lórí, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ju ₦500,000 lọ. Owó ilé ₦300,000 yóò fún yín ní ẹ̀dínwó ₦60,000. Ti ₦1,000,000 yóò fún yín ní ₦200,000. Bó bá dé ₦2,500,000, ó ti kan òrùlé. Ẹni tó ń san ₦4,000,000 kò ní rí ju ₦500,000 náà lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe rò pé ₦60,000 yìí yóò padà sí ọwọ́ yín. Owó tí a yọ kí a tó ka owó orí ni. Bí ìpele yín bá jẹ́ ti ìdá 15, ohun tó kù sápò yín jẹ́ ₦9,000. Mo ti rí i tí àwọn ènìyàn ń bínú sí akáwó ilé-iṣẹ́ wọn nítorí pé wọ́n ń retí gbogbo ₦60,000.

Rìsíìtì tó péye ní orúkọ yín bó ṣe wà lórí NIN, àdírẹ́ẹ̀sì ilé náà, iye owó, àkókò tí owó náà kárí, ọjọ́ tí ẹ san án, orúkọ onílé, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ àti ìbuwọ́lù rẹ̀. Kò dìgbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé. Bùkù rìsíìtì tí wọ́n ń tà lọ́jà tó. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbìyànjú láti fi owó náà ránṣẹ́ láti báǹkì dípò kí ẹ kà á lọ́wọ́, kí ẹ sì kọ ọ́ sí ibi àlàyé pé owó ilé ni àti ọdún tí ó jẹ́ tirẹ̀. Bí rìsíìtì bá sọnù tàbí tí onílé bá ṣaláìsí, ìwé báǹkì yóò ṣì wà. Ẹ tọ́jú àdéhùn ilé náà pẹ̀lú, bó bá wà.

Ní tòótọ́, ohun tó le jù ni bí a ó ṣe bá onílé sọ ọ́. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ìjọba yóò gbọ́ iye tí wọ́n ń gbà. Ẹ má ṣe purọ́ fún wọn pé kò lè ṣẹlẹ̀, nítorí owó ilé jẹ́ owó tó wọlé fún onílé, òfin sì ti kà á mọ́ ohun tí a ń san owó orí lé lórí láti ọjọ́ pípẹ́. Ohun tí ẹ lè sọ fún wọn, tó sì jẹ́ òótọ́, ni pé ₦800,000 àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọ̀fẹ́ fún òṣìṣẹ́ jẹ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn náà. Opó tó ní yàrá mẹ́rin tó ń háyà ní Mákùn tàbí ní Ìta-Ọ̀ṣú, tí gbogbo owó ilé rẹ̀ lọ́dún jẹ́ ₦600,000, tí kò sì ní iṣẹ́ mìíràn, kò ní san kọ́bọ̀. Bí ẹ bá kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa, tí ẹ ní, "Màmá, ibi iṣẹ́ mi ló ní kí n mú ìwé owó ilé wá, mo sì ti kọ ọ́ kalẹ̀, ìbuwọ́lù yín nìkan ló kù," tí ẹ sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ₦800,000 náà, ọ̀pọ̀ wọn yóò gbà. Ó sàn kí ọmọ wọn tó kàwé wà níjokòó. Bí onílé bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ san owó náà láti báǹkì, kí ẹ sì fi àdéhùn ilé àti ìwé báǹkì ṣe ẹ̀rí.

Àwọn ìbéèrè tí wọ́n sábà máa ń bi mí nìyí. Owó agẹ́ńtì, owó àgírímẹ́ǹtì àti owó ìdúró ilé kò sí lára owó ilé, ẹ má ṣe kà wọ́n mọ́ ọn. Bí ẹ bá san ọdún méjì pọ̀, ìlànà mi ni pé ti ọdún kan nìkan ni kí ẹ kọ fún ọdún kan, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀ de ọdún tó ń bọ̀, torí owó ilé ọdọọdún ni òfin ń sọ. Tọkọtaya tó ń gbé ilé kan náà kò gbọdọ̀ kọ gbogbo owó náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó san án ni kó kọ ọ́. Bí ẹ bá dá a, kí kálukú kọ iye tirẹ̀, kí rìsíìtì sì sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé pọ̀ ní Àgó-Ìwòyè tàbí Ìlíṣàn, ohun kan náà ni.

Ẹ má sì fi kún iye owó náà. Òfin so ẹ̀dínwó yìí mọ́ kí ènìyàn sọ iye tó san gan-an. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé ìwé yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti onílé, irọ́ yóò hàn, ẹ ó sì ti kó màmá tó ṣe yín lóore sí wàhálà.

Bí ẹ bá ń gbé ilé tiyín tàbí ilé ẹbí

Èyí ni ibi tí òfin tuntun kò ti ṣe dáadáa sí àwa tí a ń gbé ilé ara wa. Láyé CRA, ẹni tó ń gbé ilé bàbá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó àti ẹni tó ń háyà ilé ní Ìkẹjà ní ẹ̀dínwó kan náà. Báyìí, ti ẹni tó ń háyà ló kù. Síbẹ̀, fún púpọ̀ nínú wa, ìyẹn kò ní kí owó orí yín ga ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, torí pé ₦800,000 ọ̀fẹ́ náà ń ṣiṣẹ́ fún yín. Òṣìṣẹ́ wa ní Ṣágámù tó san ₦137,360 lábẹ́ òfin àtijọ́ ní ọdún 2025, bó bá ń gbé ilé ẹbí, ₦132,000 ni yóò san. Ọ̀gá iṣẹ́ tó ń gba ₦6,000,000 lọ́dún, tó ń san pẹ́ńṣàn ₦400,000, tó sì ń gbé ilé tirẹ̀, ₦819,200 ló ń san tẹ́lẹ̀. ₦798,000 ni báyìí.

Ohun méjì tún wà tí onílé lè yọ. Èkíní ni èlé lórí owó tí ẹ yá láti kọ́ ilé tí ẹ̀yin fúnra yín ń gbé. Èlé nìkan ni, kì í ṣe owó tí ẹ yá gan-an. Bí ọ̀gá tí mo sọ yìí bá ń san èlé ₦300,000 lọ́dún, owó orí rẹ̀ yóò lọ sílẹ̀ láti ₦798,000 sí ₦744,000. Ọ̀pọ̀ wa ló yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù láti kan páànù tàbí láti rẹ́ ilé. Ẹ ní kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ lẹ́tà tó sọ iye tí ẹ yá, ohun tí ẹ yá a fún, àti èlé tí ẹ san lọ́dún yẹn, kí ó sì lu òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ sí i. Owó tí ẹ yá fún ìsìnkú tàbí láti fi rán aṣọ ẹgbẹ́ fún Ojúde Ọba kò sí níbẹ̀. Èkejì ni owó ìbánigbófò ẹ̀mí, tiyín tàbí ti ọkọ tàbí aya yín.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń gbèrò láti kọ rìsíìtì ilé ẹbí, kí ẹ̀gbọ́n buwọ́ lù ú bí ẹni pé àbúrò ń sanwó ilé fún un. Ẹ yà fún un. Irọ́ ni, òfin sì ní ìjìyà fún irọ́ inú ìwé owó orí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ ṣírò ó fúnra yín

Ẹ padà sọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ Ṣágámù yẹn, kí a sọ pé ₦300,000 ló fi ń háyà ilé.

Owó ọdún: ₦1,800,000
Ẹ yọ pẹ́ńṣàn: ₦120,000
Ẹ yọ ìdá 20 owó ilé: ₦60,000
Ó ku: ₦1,620,000
₦800,000 àkọ́kọ́: kò sí owó orí
₦820,000 tó kù, ní ìdá 15: ₦123,000

Ìyẹn jẹ́ ₦10,250 lóṣù. Bí payslip rẹ̀ bá ń sọ ₦11,000, ẹ̀ka àkáǹtì kò tíì ka owó ilé rẹ̀ sí nìyẹn, torí ₦132,000 pín sí oṣù méjìlá ni ₦11,000.

Ohun kan ṣe pàtàkì níbí fún ẹni tó ń ka ìwé àtijọ́ pọ̀ mọ́ tuntun: owó oṣù ọdún 2025, òfin àtijọ́ àti CRA ni a fi ń ṣírò rẹ̀, kódà bó bá jẹ́ ọdún 2026 ni ẹ kọ ìwé rẹ̀. Ẹ má ṣe fi rìsíìtì ilé ọdún 2025 béèrè ẹ̀dínwó tuntun.

Fún ọlọ́jà àti oníṣẹ́ ọwọ́

Lórí èrè ni wọ́n ti ń ka owó orí yín, kì í ṣe lórí gbogbo owó tó gba ọwọ́ yín kọjá. Ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà tí ẹnikẹ́ni bá ń fi iye owó tó wọ àkáǹtì yín dẹ́rù bà yín. Owó àjọ tí ẹ kó kì í ṣe èrè, owó ara yín tí ẹ ti ń dá sílẹ̀ ni. Owó tí ọmọ fi ránṣẹ́ láti òkè òkun kì í ṣe èrè ọjà.

Owó ṣọ́ọ̀bù àti owó ilé kì í ṣe ohun kan náà. Owó ṣọ́ọ̀bù jẹ́ ìnáwó ọjà, gbogbo rẹ̀ pátá ni ẹ ó yọ. Owó ilé tí ẹ ń sùn sí, ìdá 20 rẹ̀ ni ẹ ó yọ. Ìyá tó ń ta gàrí Ìjẹ̀bú ní ọjà Òkè-Àjẹ́ tó bá kó méjèèjì pọ̀ sójú kan yóò pàdánù. Ẹ wò ó: ó ta ₦9,000,000 lọ́dún. Ó fi ₦6,900,000 ra ọjà, ₦260,000 fún ọkọ̀ àti alábàárù, ₦240,000 fún ṣọ́ọ̀bù, ₦100,000 fún ọ̀rá, iná àti àwọn nǹkan kéékèèké. Èrè rẹ̀ jẹ́ ₦1,500,000. Ó ń san ₦250,000 fún ilé, ẹ̀dínwó ìyẹn jẹ́ ₦50,000. Ó ku ₦1,450,000. Ẹ yọ ₦800,000, ó ku ₦650,000. Owó orí rẹ̀ jẹ́ ₦97,500.

Ìwé àkọsílẹ̀ ni gbogbo agbára rẹ̀. Bí kò bá sí, òṣìṣẹ́ owó orí yóò fojú wọn ṣọ́ọ̀bù náà, yóò sì kọ iye tó bá wù ú. Ìwé kékeré kan tí ẹ ń kọ ohun tí ẹ tà àti ohun tí ẹ ná sí lójoojúmọ́ ti tó. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n kọ, kí ọmọ yín tó ń lọ sílé ìwé máa kọ ọ́ lálẹ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ fi ránṣẹ́

Òṣìṣẹ́, ẹ kọ lẹ́tà sí ibi iṣẹ́ yín, ẹ so ẹ̀dà rìsíìtì àti àdéhùn ilé mọ́ ọn, kí wọ́n lè fi ẹ̀dínwó náà sínú ìṣirò oṣooṣù. Ẹ ṣe é ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tàbí bí ẹ bá ti san owó ilé. Ẹ má fún wọn ní ojúlówó ìwé, ẹ̀dà ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ẹni tó ní owó tó ń wọlé ló yẹ kó kọ ìwé owó orí ọdún tó kọjá kí ọjọ́ 31 oṣù kẹta tó kọjá, òṣìṣẹ́ olówó oṣù pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ gbà pé bí wọ́n bá ti ń yọ owó lára owó oṣù, ó ti parí. Kò tíì parí. Bí ibi iṣẹ́ kò bá ka owó ilé yín sí láàárín ọdún, inú ìwé yìí ni ẹ ti lè béèrè rẹ̀. Ìtanràn ẹni tí kò kọ ọ́ jẹ́ ₦100,000 fún oṣù àkọ́kọ́ àti ₦50,000 fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀ lé e, èyí tó lè ju owó orí gan-an lọ fún púpọ̀ nínú wa. Ẹ gba ẹ̀rí pé ẹ ti fi í sílẹ̀, torí òun ni ẹ ó fi gba ìwé ẹ̀rí owó orí ọdún mẹ́ta tí wọ́n máa ń béèrè bí ẹ bá fẹ́ ra ilẹ̀ tàbí gba iṣẹ́ àgbàṣe.

Bí iye tí wọ́n kọ ránṣẹ́ bá pọ̀ jù

Ọjọ́ 30 ni ẹ ní, láti ọjọ́ tí ìwé náà bá dé ọwọ́ yín, láti kọ̀wé pé ẹ kò fara mọ́ ọn. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ gbà á sí ẹ̀yìn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe lọ bẹ̀bẹ̀ ní ọ́fíìsì láì kọ nǹkan sílẹ̀. Ẹni tí ẹ bẹ̀ lónìí lè ti kúrò níbẹ̀ lọ́la, ọjọ́ 30 náà yóò sì ti kọjá.

Lẹ́tà náà kò gbọdọ̀ gùn. Bí èyí náà ti tó:

"Mo gba ìwé yín tí ẹ kọ ní ọjọ́ báyìí, tó sọ pé owó orí mi fún ọdún 2026 jẹ́ ₦132,000. N kò fara mọ́ iye yìí. Ẹ kò yọ ẹ̀dínwó owó ilé mi. Owó ilé tí mo san jẹ́ ₦300,000, ìdá 20 rẹ̀ jẹ́ ₦60,000. Iye tó tọ́ jẹ́ ₦123,000, ìṣirò rẹ̀ sì wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí. Mo so ẹ̀dà rìsíìtì, àdéhùn ilé àti ìwé báǹkì mọ́ ọn."

Ẹ san apá tí ẹ kò bá wọn jiyàn lé lórí. Bí wọ́n bá kọ̀, Tax Appeal Tribunal wà tí ẹ lè gbé ẹjọ́ náà lọ, ọjọ́ 30 náà ni ẹ ní fún ìyẹn. Òfin tuntun sì tún dá ọ́fíìsì Tax Ombud sílẹ̀ fún ẹni tí òṣìṣẹ́ owó orí bá yàn jẹ. Ẹ mú lẹ́tà yín lọ ní ẹ̀dà méjì. Wọn yóò gba ọ̀kan, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sí èkejì, kí ẹ sì mú ìyẹn padà wálé.